Ọkàn mi kì í dákẹ́ tí mo bá jókòó: ṣé mò ń ṣe é gbòdì ni?

Lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ó gùn díẹ̀, ibi tó kàn wá nìkan ni mo mú jáde: “Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń jókòó láago márùn-ún ìdájí, kí àwọn ọmọ tó jí, láti fi ọkàn mi balẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe kọ́ mi. Ohùn kan lórí fóònù ní kí n sọ ọkàn mi di òfìfo. Kò ṣe é ṣe, Màmá. Bí mo bá ti dijú báyìí, gbogbo ayé dé: aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Sátidé, owó àjọ, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ mi sọ sí mi lọ́dún méjì sẹ́yìn tí mo rò pé mo ti gbàgbé, títí dórí orin ìpolówó ọṣẹ. Nígbà míì àyà mi á tún máa lù kì-kì-kì. Mo sọ fún aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà wa, wọ́n ní ọkàn tó bá ṣófo ni ẹ̀mí àìmọ́ ń wọ̀. Ẹlòmíì ní àwọn ayé ló ń dà mí láàmú. Ṣé mò ń ṣe é gbòdì ni, àbí ọpọlọ mi ni kò pé? Ṣé kí n fi sílẹ̀? Èmi ni Ìyá Ìbejì aránṣọ.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín lésì ní ṣókí kí ara yín lè rọlẹ̀: ẹ ò ṣe é gbòdì, ọpọlọ yín pé, kò sì sídìí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ torí pé èrò ń wá. Ohun tó ń ṣe yín ń ṣe gbogbo ẹni tó bá jókòó. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé lọ́dún 10 báyìí tí èèyàn mẹ́fà méje ń wá sí pálọ̀ mi láàárọ̀ Sátidé ká lè jọ jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò bi mí ní ìbéèrè yín yìí kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí, àfi bàbá kan tó máa ń mirí pé gbogbo ẹ̀ ti yé òun, tó wá jẹ́ pé oorun ló ń sùn látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ta kókó mọ́ra bí òwú nínú lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ òfìfo, ọ̀rọ̀ àwọn ayé, àti ọ̀rọ̀ àyà tó ń lù yẹn. Bí a bá jọ fà wọ́n pọ̀, òwú á já ni. Ẹ jẹ́ n tú u ní suuru.

Òfìfo yẹn ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Kò sí ọkàn alààyè tó ń di òfìfo, ẹni tó bá sì ń ṣèlérí ẹ̀ lórí fóònù ń ṣàsọdùn ni. Èdè tiwa náà tún dá kún un. Àṣàrò la máa ń pe nǹkan yìí, bẹ́ẹ̀ àṣàrò nínú Yorùbá ni kéèyàn mú ọ̀rọ̀ kan kó máa rò ó sọ́tùn-ún, rò ó sósì, títí yóò fi rí ìdí ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ká ṣe àṣàrò lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, ríro ni wọ́n ní ká rò ó. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ní kó ṣe àṣàrò tí wọ́n tún ní kó má ronú, ṣé kò ní rújú? Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń kọ́ yín kì í ṣe ríro, kì í sì í ṣe àìro. Ìfiyèsí ni mo máa ń pè é nínú pálọ̀ mi. Ẹ ó mú ohun kékeré kan, èémí yín ló rọrùn jù torí pé kò sọ́jọ́ tí ẹ máa gbàgbé ẹ̀ sílé, ẹ ó sì gbé ojú inú lé e. Ọkàn á lọ. Kò ní ṣàì lọ. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ó ti lọ, ẹ ó mú un padà. Mímú tí ẹ mú un padà yẹn gan-an niṣẹ́, ìyókù, ìjókòó lásán ni.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá yín ò ní kọ́kọ́ gbé aṣọ oníbàárà lé yín lọ́wọ́. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa ń fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á fa ìlà sí i, wọ́n á yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, wọ́n á ní kó máa wa màṣíìnì tẹ̀ lé ìlà. Ihò abẹ́rẹ́ á yà bàrá kúrò lórí ìlà, ẹ ó dá a padà, á tún yà. Kò sẹ́ni tó sọ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀mí àìmọ́ ti wọnú màṣíìnì. Dídá tí ẹ ń dá a padà ló kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín níṣẹ́, tó fi jẹ́ pé lónìí ẹ lè máa ránṣọ kí ẹ máa bá oníbàárà du owó. Bí ọkàn yín bá lọ nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú 10, tí ẹ sì mú un padà nígbà 40, ẹ ti ṣe é nígbà 40 nìyẹn. Ẹni tí tiẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò padà títí aago fi dún, òun ni kí ẹ bá káàánú.

Kí ló wá dé tí ariwo náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú yín, tó jẹ́ pé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ó wà? Ẹ ro alẹ́ tí wọ́n múná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ń bú, tí epo wá tán nínú wọn ní nǹkan bí aago méjì òru. Lójijì ẹ ó máa gbọ́ aago ara ògiri, ẹ ó gbọ́ omi tó ń kán sínú bákẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú gọ́tà. Ṣé ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni? Bí ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà ṣe rí náà ni ọpọlọ inú agbárí ṣe rí. Iṣẹ́, rédíò àti fóònù ni jẹnẹrétọ̀ tiyín, ẹ pa wọ́n láago márùn-ún ìdájí, ẹ wá gbọ́ ohun tó ti ń ké látọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn onímọ̀ ti wádìí eléyìí. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò, yálà à ń ṣírò owó ni o, tàbí a kàn ń wo òrùlé. Ní ọdún 2001, Marcus Raichle àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn ò bá gbé iṣẹ́ kankan dání ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tú àná palẹ̀, kí wọ́n máa gbèrò ọ̀la, kí wọ́n máa bi ara wọn pé kí ni lágbájá ń rò nípa mi. Ẹ padà wo ohun tí ẹ kọ sí mi: ìyá ọkọ, owó àjọ, aṣọ Sátidé. Ẹ rí i pé wọn ò yọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ìgbà ìjókòó nìkan. Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní yunifásítì Harvard fi fóònù bi àgbàlagbà 2,250 léèrè lójijì láàárín ọjọ́ pé kí lẹ̀ ń ṣe, kí lẹ̀ ń rò, báwo ni inú yín ṣe rí. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé ní ìdá 46.9 nínú 100 ìgbà tí wọ́n bi wọ́n, ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe kọ́ ni ọkàn wọn wà lórí ẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí ọkàn kì í ti í sá kúrò dáadáa, àfi ohun tí tọkọtaya ń ṣe ní kọ̀rọ̀. (Mo máa ń sọ èyí nínú pálọ̀, àwọn bàbá á sì máa wo ilẹ̀.) Wọ́n tún rí i pé inú àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nígbà tí ọkàn wọn bá rìn lọ. Ìyẹn ni pé, tí ẹ bá ń ránṣọ, ẹ ò sí lórí aṣọ náà ní nǹkan bí ìdajì àkókò, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ní báyìí, ẹ ti ń mọ̀. Ojú ló là.

Ìdí mìíràn tí ariwo fi ń pọ̀ ni pé ẹ ń bá a jà. Ní ọdún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ ìṣesí ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n má ro béárì funfun rárá, ẹranko ńlá ilẹ̀ yìnyín yẹn. Bó bá wá sí wọn lọ́kàn, kí wọ́n lu agogo. Agogo ń dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níṣẹ̀ẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda fún wọn pé kí wọ́n máa rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n rò ó látìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kò sí béárì ní Ìkòròdú, nítorí náà ìkọ́kọrẹ́ olóoru tí ẹja gbígbẹ wà nínú ẹ̀ lèmi máa ń ní kí àwọn tèmi má rò, pàápàá tí wọn ò bá tíì jẹun àárọ̀. Ẹ lè mọ bó ṣe máa ń parí. Kéèyàn tó lè mọ̀ pé òun ò ro nǹkan kan, apá kan ọkàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ olè lójú fèrèsé, olè ni yóò wà lọ́kàn ẹ̀ mọ́jú.

Ẹ bá mi dé gáráàjì Ìkòròdú láago mẹ́fà àárọ̀. Agbèrò kan ń ké “Mile 12, Kẹ́tu!” Òmíràn ń ké “Ojóta, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Òmíràn ti ń fa báàgì yín lọ́wọ́. Ẹ ò lè ní kí agbèrò má pè, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ wọ gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá pè. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé èrò ọkàn àti èrò ọkọ̀, bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu wa. Èrò kan á ké pé “owó àjọ, owó àjọ, ó ku ẹnì kan!” Ẹ gbọ́ ọ, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, kì í sábà rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ wọkọ̀. Ẹ ó kàn ṣàdédé bá ara yín ní Mile 12, tí ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín jọ ń fa ọ̀rọ̀ ọdún méjì sẹ́yìn. Kí lèèyàn ń ṣe nínú dánfó tó bá rí i pé ọkọ̀ tí òun ì bá wọ̀ kọ́ nìyí? Kì í bá kọ̀ńdọ́ jà, kì í sì í sunkún pé òun ya dìndìnrìn. Á ní “Ó wà o!”, á sọ̀ kalẹ̀, á padà. “Ó wà o” yẹn ni ẹ ó máa sọ nínú ikùn tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gbé yín lọ, láìpariwo, láìbú ara yín. Mo dárúkọ èébú torí pé òun ló ń pa àwọn olùbẹ̀rẹ̀ jù: wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn pé àwọn ò lè ṣe nǹkan kan láṣeyanjú láyé àwọn, èébú yẹn náà ti di ọkọ̀ míì tí wọ́n wọ̀.

Èmi gan-an ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, mo fọgbọ́n dúró de ọjọ́ orò. Ẹ̀yin náà ń gbé Ìkòròdú, ẹ mọ bó ṣe ń rí: obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde, ṣọ́ọ̀bù tì pa, títì dá páropáro. Mo ní lónìí, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn, ọkàn mi á dákẹ́ tipátipá. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ká ẹsẹ̀ bíi ti àwọn ará Íńdíà tí mo rí nínú àwòrán. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tí mo ti ń bá mátírọ́ọ̀nù kan tí a jọ ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́ jà, tí mo ń fún un ní èsì tí ẹnu mi ò gbà láti fún un nígbà yẹn, tí mo sì tún ti ṣírò iye ẹ̀wà tó kù nínú ike. Ìta pa lọ́lọ́, inú mi ń hó bí ọjà Sábó. Ọmọ mi kan ju ọmọrí ìkòkò sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo jágbe mọ́ ọn pé kó má ba àlàáfíà mi jẹ́. Ojú tì mí lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wá ìdákẹ́jẹ́ ìta mọ́, mi ò sì ká ẹsẹ̀ mọ́. Àga onígi ni mò ń lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ayé àti ẹ̀mí àìmọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò kì í ṣe aríran, mi ò sì ní dá sí ohun tí ojú mi ò tó. Ohun tí mo lè sọ ni pé gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ẹrù tiyín ni, kò sí àjèjì nínú wọn. Bí ọ̀tá bá fẹ́ dà yín láàmú, ṣé orin ìpolówó ọṣẹ ló máa fi rán? Aṣáájú yín náà ò burú, ọ̀rọ̀ òfìfo ló kọ wọ́n lóminú, ó sì yẹ kó kọ wọ́n. Tí ẹ̀rù yẹn bá wà lọ́kàn yín, ìjókòó yín ò ní tòrò, torí náà ẹ má jókòó pẹ̀lú òfìfo. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìgbàgbọ́ yín, orúkọ Jésù tàbí “àlàáfíà”, kí ẹ máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú bí èémí bá ń jáde. Àwọn mùsùlùmí tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń lo tẹ̀sùbáà wọn, ó sì máa ń yá wọn ju àwa yòókù lọ torí pé ọwọ́ wọn náà ń ríṣẹ́ ṣe. Herbert Benson, dókítà ní Harvard, ti kọ ọ́ láti ọdún 1975 pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo téèyàn ń tún sọ, tí kò sì bínú nígbà tí èrò míì bá já lù ú, ti tó láti mú kí ara rọlẹ̀. Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ítálì wọn èémí àti bí ọkàn ṣe ń lù lára èèyàn 23 tára wọn le, bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn, àti bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀rọ̀ àwọn oníyógà sọ. Àtìkínní àtìkejì ló mú èémí wọn wá sí nǹkan bí 6 níṣẹ̀ẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ èémí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń wà láàárín 12 sí 20. Ẹ lè fi èyí han aṣáájú yín.

Ti àyà tó ń lù yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn dáadáa: kí lẹ̀ ń mu tàbí kí lẹ̀ ń jẹ kí ẹ má bàa sùn? Mo mọ àwọn aránṣọ. Tí aṣọ ẹbí bá wà nílẹ̀, obì á wà lẹ́nu, tàbí kọfí, tàbí énájì inú agolo yẹn. Káfíìnì inú wọn, nǹkan bí wákàtí 5 ni ara fi ń mú un wálẹ̀ dé ìdajì. Èyí tí ẹ mu láago méjìlá òru, ìdajì ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín nígbà tí ẹ jókòó láago márùn-ún láti wá ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ wá fi àìsùn lé e. Ohun kejì tí mo fura sí ni pé ẹ ń fa èémí ńláńlá tẹ̀léra tẹ̀léra torí wọ́n ní kí ẹ mí dáadáa. Àmíjù máa ń lé afẹ́fẹ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ ṣì nílò dànù, á wá mú kí òòyì kọ́ọ̀yàn, kí ìka máa já wìnnìwìnnì, kí àyà máa lù. Ẹ jẹ́ kí èémí wọlé bó ṣe fẹ́, kí ẹ kàn jẹ́ kí jíjáde ẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju wíwọlé ẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná tí kò fẹ́ kó dà. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí i pé ó ń yára díẹ̀ bí èémí bá ń wọlé, ó sì ń falẹ̀ bó bá ń jáde. Iṣan gígùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá sí ọkàn àti ikùn, vagus ni wọ́n ń pè é, òun ló ń di ìjánu ọkàn mú nígbà tí a bá ń mí síta. Bí àyà bá ṣì ń lù nígbà tí ẹ ò jẹ obì, tí ẹ ò mu kọfí, tàbí tó ń lù nígbà tí ẹ ò tiẹ̀ jókòó rárá, ẹ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn yín wò. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èémí mọ́.

Bí èmi yóò ṣe fẹ́ kí ẹ máa ṣe é nìyí. Ẹ jókòó sórí àga màṣíìnì yín, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ̀yìn nà láìgan. Ẹ má dijú tán, ẹ ranjú jẹ́jẹ́ mọ́ ibì kan nílẹ̀, torí òkùnkùn inú ojú ni àwọn agbèrò fẹ́ràn jù. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sórí fóònù, kí ẹ pa dátà. Ẹ ka èémí tó ń jáde láti 1 dé 10, kí ẹ padà sí 1. Bí ẹ bá gbàgbé iye tí ẹ kà dé, ẹ padà sí 1. Bí ẹ bá bá ara yín ní 27, ẹ ti wà ní Mile 12, ó wà o, ẹ padà sí 1. Ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́ dára ju ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ Sọ́ńdè lọ. Bí aago márùn-ún bá jẹ́ àkókò oorun tí ara yín ń tọrọ, ẹ sùn, kí ẹ wá ìṣẹ́jú 5 láàárín ọ̀sán kí iná tó dé. Tí ìjókòó ò bá sì bá yín lára mu rárá, ẹ mú etí aṣọ kan ṣoṣo lójúmọ́, ẹ fi ọwọ́ rán an láìsí rédíò, kí ọkàn yín wà ní ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé tó sì ti ń jáde. Arákùnrin kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń ṣe tiẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté, ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́ dípò èémí. Mi ò rí àléébù kankan nínú ẹ̀. Ní ti bó ṣe máa pẹ́ tó, ètò ìfiyèsí tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts ní ọdún 1979, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ̀yin ṣì wà, ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú ìbejì nínú ilé.

Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń dára ẹ̀ lóró fún? Ó tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan tí wọ́n ń polówó. Ní ọdún 2014, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 47 jọ, èèyàn 3,515 ló wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ó ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìrora kù níwọ̀nba, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé ó dára ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní rírìn láti Sábó dé ilé lójoojúmọ́ ló ń fi ọkàn òun balẹ̀, mi ò ní fà á wọnú pálọ̀ mi. Ohun tí èmi rí nínú ẹ̀ fún ara mi kéré, mo sì mọ̀ ọ́n lóye: inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mo máa ń rí i bó ṣe ń bọ̀ kó tó dé ẹnu. Kò san gbèsè. Bí owó àjọ tó ń já lu èrò yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ò tíì rí san lóòótọ́, èémí kọ́ ló máa san án, ìyá alájọ lẹ máa lọ bá, kí ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Àwọn kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó dijú nìkan. Ẹni tí ọ̀fọ̀ tuntun ṣẹ̀, ẹni tí ojú ẹ̀ rí ìjàm̀bá tàbí ìfipábánilòpọ̀, ẹni tí ọpọlọ ti dà rú rí. Bí irú wọn bá dákẹ́, ohun tó ń jáde lè lágbára ju wọn lọ. Willoughby Britton àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Brown tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2017 lórí àwọn tí irú ìjókòó yìí kó sínú ìpayà tàbí àìsùn, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ kan tí ọdún 31 fi yé mi. Èrò tiyín ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn yín, ẹ sì mọ̀ pé inú yín ló ti ń wá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ẹlòmíì láti ìta tí àwọn tó wà nítòsí ò gbọ́, tí oorun ò kun yín fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀ tí kò rẹ̀ yín, tàbí tí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá ń wá, ẹ pa ìjókòó tì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ẹnì kan dání lọ rí dókítà. Ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìkòròdú níbí lè yẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì júwe yín sí Yábàá tàbí Àrò tó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn nínú lẹ́tà yín. Mo kọ ọ́ torí pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á.

Kí ẹ tó jókòó lọ́la, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ yín àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, ẹ kọ iye àjọ tó kù, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ gbé e sábẹ́ màṣíìnì. Bí agbèrò bá tún pè yín sórí aṣọ Sátidé, ẹ mọ ibi tí ìwé wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí mi tí ẹ bá ti fi aṣọ ẹbí náà lé wọn lọ́wọ́, tí ẹ sì ti sùn, kí ẹ sọ fún mi bóyá àyà yín ṣì ń lù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí obì ò kan ẹnu yín.